Ọ̀fun Mi Tó Lọ Sókè Òkun

Mo rántí ìgbà tí ọ̀fun mi wọ bàálù lọ sílùú òyìnbó, nígbà tí èmi tí mo ni ín kò tíì kọjá Ìbàdàn rí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín, ó ti mọ́ mi lára. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ nílùú Adó, àwọn kan ní ẹmu ló ń pa mí, àwọn kan ní ìwé tí n kò kà ló fà á. Òótọ́ ni pé n kò kàwé. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gan-an n kò parí rẹ̀, nítorí igbó ń pè mí ju kíláàsì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ gẹdú láti Adó dé Ìjàn, ẹ bi í pé ta ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè bí igi kan bá hù sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àpáta, tí àwọn ọ̀dọ́ wò ó tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgégi wọn padà sínú ọkọ̀. Wọn yóò júwe ilé mi fún yín. Kì í ṣe pé mo ń fọ́nnu. Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo ń sọ.

Èyí tí mo fi ń yangàn jù lọ nígbà náà ni àyà mi. Lẹ́búlẹ́bú pákó ti ń wọ imú mi láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ àwọn dókítà òde òní kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ní sọ́mìlì tí a ti ń la gẹdú, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa so aṣọ mọ́mú, síbẹ̀ wọn a máa wúkọ́ bí ewúrẹ́ tó jẹ èèpo ẹ̀gẹ́. Èmi á dúró láàárín eruku náà, màá máa kọ orin ìjọ. Màá gbá àyà mi, màá ní kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dún, irin ni. Nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí wọ́n ní kí gbogbo ayé bo imú, mo sọ fún àwọn èèyàn pé àrùn àwọn tó ń sùn sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni, kò mọ ọ̀nà igbó. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò, ṣùgbọ́n òfòrò wo ló ń rántí òwe nígbà tí inú rẹ̀ bá ń dùn?

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, tíṣà ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìgèdè. Tíṣà náà ni gbogbo wa ń pè é, títí kan èmi tí mo gbé e pọ̀n. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti padà sílé baba wa ní Adó, ó ń gbé yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, èmi àti ìyàwó mi wà níwájú, ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni gbogbo wa sì ń bù nínú rẹ̀. Nígbà tí kòrónà wọ ilé wa, èmi àti Tíṣà ló mú pọ̀. Èmi sín, ẹnu mi kò mọ adùn ẹ̀gúsí fún ìgbà díẹ̀, mo mu omi ata, mo padà sídìí igi. Tíṣà dùbúlẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bí ọ̀fìnkìn, ó di ikọ́, nígbà tó yá kò lè parí gbólóhùn kan láìsinmi láàárín rẹ̀, òun tó ń fi ohùn kó odindi kíláàsì jọ láti àárọ̀ dọ̀sán.

Ọkọ̀ tí mo fi ń kó pákó ni mo fi gbé e dé ọsibítù. Wọn kò jẹ́ kí n wọlé tọ̀ ọ́, mo dúró lẹ́yìn fèrèsé. Wọ́n ti fi rọ́bà ọ́síjìn sí i nímú, síbẹ̀ kòtò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀, níbi tí ẹ̀gbà ọrùn máa ń sinmi lé, ń wọnú lọ ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ mí sínú, bí ẹni pé ẹnìkan jókòó sínú rẹ̀ tó ń fà á. Igi ti ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí tí ẹ̀ka rẹ̀ ya ṣòkòtò mọ́ mi nídìí, ẹ̀rù kò bà mí tó ti ọjọ́ yẹn. Mo gbé ọwọ́ lé gíláàsì fèrèsé náà, n kò sì lè gbé e kúrò. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé bí mo bá gbé ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀, yóò dákẹ́.

Ọlọ́run ṣeun, ó jáde. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ọ̀fìnkìn tí ọmọ iléèwé kan bá sín sí i lára, tí ọmọ náà yóò fi máa sáré kiri, ibùsùn ni yóò gbé Tíṣà lé. Bí ọyẹ́ bá dé, tí eruku bá bo òkè, gbogbo ilé ni yóò máa tẹ́tí sí ikọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ránṣẹ́ pè wá sí ọsibítù, ó sì wá bá wa lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí. Ọmọ Èkìtì ni, ọmọdébìnrin tí mo lè bí dáadáa ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín kíákíá. Ó ní òun àti àwọn kan lókè òkun jọ ń wádìí àwọn àrùn tó ń gba ọ̀nà èémí wọlé. Ó béèrè bóyá ìyá kan náà, baba kan náà ló bí wa. Mo ní ọmú kan náà ni a mu, èmi ni mo sì fi í sílẹ̀ fún un.

"Àrùn kan náà, ilé kan náà, àkókò kan náà," ló wí. "Kí ló dé tí Bàbá kàn ń sín, tí Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ kú? Ohun tí a fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

"Ẹ kò ní láti wá a jìnnà," mo ní. Mo gbá àyà mi. "Irin ni."

"Irin máa ń dógùn-ún, Bọ̀dá," ni Tíṣà wí.

Ẹ̀jẹ̀ ni dókítà fẹ́ gbà lára àwa méjèèjì. Tíṣà ti na apá kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Èmi ni mo fà sẹ́yìn, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀. Baba wa kì í ṣe abọ̀rìṣà, alàgbà ìjọ ni títí tó fi kú, ṣùgbọ́n kò fi irun rẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ onígbàjámọ̀ rí. Ó máa ń kó o jọ, á lọ rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, nídìí igi obì tí wọ́n bo ìwọ́ wa sí. Èékánná pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì máa ń sọ fún mi pé, "Ohun tó bá ti ara rẹ jáde, ìwọ náà ni. Ohun tí wọ́n bá fi ṣe, ìwọ ni wọ́n fi ṣe." Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, síbẹ̀ nígbà gbogbo tí mo bá lọ gẹrun, ọ̀rá dúdú kan wà nínú àpò mi tí mo máa ń kó irun mi sí. Onígbàjámọ̀ mi máa ń ní, "Alàgbà, ẹ kú ìkórè." Màá dá a lóhùn pé kó gbálẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Èmi tí n kò lè fi irun sílẹ̀ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ mi ní Òkè-Ẹ̀sà ni wọ́n wá ní kí n fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí n kò mọ̀.

Mo ti fẹ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí n ronú sí i ná, ni Tíṣà bá yíjú sí àwọn aláìsàn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ti ń gbọ́ ìtàn àyà mi láti àárọ̀. Ó ní, "Ẹ bá wa fi wọ́n sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Irin ń bẹ̀rù irin."

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Mo ká apá ẹ̀wù mi sókè.

Dókítà ṣàlàyé ohun tí wọn yóò ṣe kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ síwèé. N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ó ṣàlàyé. Ó ní àwọn nǹkan kan wà tí ojú lásán kò lè rí, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é, òun ni a fi mọ gbogbo ara bí ìgbà tí a fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé. Kálukú wọn ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, ti ojú kì í ṣe iṣẹ́ ti awọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ọgbọ́n tí wọ́n fi lè mú sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n rọ̀ ọ́ títí yóò fi gbàgbé iṣẹ́ tó ń ṣe, tí yóò padà di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, bó ṣe wà nínú oyún nígbà tí kò tíì yan iṣẹ́ kankan. Wọn yóò wá tún un rọ̀, yóò sì di ọ̀nà ọ̀fun.

Mo ní kó dúró. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ mi, igi tí a bá ti là sí pákó kì í padà di kóró mọ́.

"Ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nìyẹn, Bàbá," ló wí. "Pákó á padà di kóró. Wọ́n á gbìn ín, á tún hu igi."

Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ lórí ohun tí wọn yóò fi ọ̀fun náà ṣe, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti wọ bàálù lọ. Èmi, tí olùkọ́ mi àtijọ́ ní n kò ní kọjá ẹnu odi Adó, òyìnbó fẹ́ gbin ọ̀fun mi sí ilẹ̀ wọn.

Ẹ wá wo fọ́nńté. Láti Ọjà Ọba títí dé ọ̀nà Ìjàn, kò sí ẹni tí n kò sọ fún. Bí ẹnìkan bá ní òun ní ọmọ ní Kánádà, màá bi í pé kí ni ọmọ, èmi fúnra mi ni mo wà níbẹ̀. Mo máa ń sọ pé bí òtútù bá mú àwọn òyìnbó yẹn, ọ̀fun Èkìtì ni wọn yóò fi mọ bí a ṣe ń mí. Tíṣà kò jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, yóò bi mí pé, "Bọ̀dá, ọ̀fun yín tó wà lọ́hùn-ún, ṣé ó ṣì ń pe ilé ní ulé bíi tiwa, àbí ó ti ń sọ èèbó?"

Ó pẹ́ díẹ̀, dókítà tún pè wá, ó ní wọ́n ti fi fídíò ránṣẹ́. A jókòó níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní inú ife kékeré kan ni ọ̀fun kọ̀ọ̀kan wà, oúnjẹ ń tọ̀ ọ́ wá láti ìsàlẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i lórí, kí ó lè rò pé inú èèyàn lòun ṣì wà. Wọ́n gbé awò tí ń sọ kíún di ńlá lé e lórí. Ohun tí mo rí, n kò lè gbàgbé rẹ̀. Irun wẹ́wẹ́ ni, ó pọ̀ lọ bẹẹrẹ, gbogbo rẹ̀ ń mì lọ sí apá kan náà bí koríko etí odò tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Dókítà ní iṣẹ́ wọn ni láti máa gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti eruku jáde kúrò lọ́nà èémí. Mo ronú kan gbogbo lẹ́búlẹ́bú pákó tí mo ti fà símú láyé mi, mo wo àwọn òṣìṣẹ́ mi wọ̀nyí tí wọn kì í sinmi, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Wọ́n ti kúrò lára mi, wọ́n ti gun òkun kọjá, wọ́n ṣì ń gbálẹ̀.

Dókítà wá ṣí fídíò kejì. Koríko kan náà ni, ṣùgbọ́n àwọn ojú kan wà nínú rẹ̀ tó dákẹ́ rọ́rọ́, bí ibi tí iná ti jó nínú oko. Ìyókù ń mì yí i ká.

"Èyí ni lẹ́yìn tí wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì sí i," ló wí.

"Fáírọ́ọ̀sì?"

"Kòkòrò tó ń fa àrùn, Bàbá. Ọ̀kan ni ti ọ̀fìnkìn, ọ̀kan ni ti kòrónà."

"Wọ́n fi sí ọ̀fun mi?"

"Mo sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ tí a gba ẹ̀jẹ̀, sà. Ìdí tí a fi gbìn ín nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín kíkan títí Tíṣà fi wò mí. Mo ní kò sí wàhálà, wọ́n lè da ti ìgbẹ́ gbuuru mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde, mo gbé ọwọ́ lé ọrùn mi. Mo gbọ́ ohùn baba mi ketekete bí ẹni tó dúró lẹ́yìn àga. Ohun tí wọ́n bá fi ṣe, ìwọ ni wọ́n fi ṣe.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò mọ ohun tí à ń pè ní ìrọ̀rùn. Bí mo bá gbé itọ́ mì, mo máa ń dúró gbọ́ bóyá yóò kọjá. Mo ń gbọ́ àwọn irun wẹ́wẹ́ náà lọ́rùn mi, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Bí mo bá sín, mo mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á sí i lọ́hùn-ún ni. Bí n kò bá sín, mo mọ̀ pé wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti da èyí tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìlú ń yọ̀ pé ooru lọ, èmi wọ súwẹ́tà, mo jókòó sínú oòrùn bí alángbá. Mo sọ fún àwọn ará sọ́mìlì pé ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ mi tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó mọ́, tó ń dán.

N kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni ẹni tó ti sọ fún gbogbo ayé pé òun wà lókè òkun yóò ṣe wá sọ pé wọ́n ń pa òun lọ́hùn-ún? Lọ́jọ́ ìsinmi kan, alàgbà tó ń darí àdúrà ní kí ẹni tó bá di nǹkan ara ọmọ Ọlọ́run kan mú níbikíbi lágbàáyé tú u sílẹ̀. Àmín tí mo ṣe mú kí àwọn tó wà níwájú yíjú padà. Ìyàwó mi bi mí nígbà tí a délé pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ta ló ń lé yín?" Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé mi. Ó wo súwẹ́tà ọrùn mi, mo sì mọ̀ pé kò gbà.

Ìgbà tí ikọ́ gidi wá mú mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ikọ́ gbígbẹ, mo rí i pé ó ti dé. N kò jẹun. Mo gba ọ̀nà ọsibítù lọ.

"Dókítà," mo ní, "mo wá gba ọ̀fun mi padà."

Kò rẹ́rìn-ín. Èyí ni mo fi ń yẹ́ ẹ sí títí dòní. Ó fún mi ní àga.

"Ẹ̀tọ́ yín ni, Bàbá. Bí ẹ bá ní ká dáwọ́ dúró, màá kọ̀wé sí wọn lónìí. Wọ́n á da gbogbo rẹ̀ nù."

"Wọ́n á dà á nù?"

"Wọ́n á fi omi apakòkòrò pa á, wọ́n á sì sun ún. Kò ní kù."

Ẹ gbà mí. Bí wọ́n bá pa á mọ́, àrùn ni wọ́n ń dà lé mi lórí. Bí mo bá ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, wọn yóò pa mí, wọn yóò sun mí. Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó gun igi tí ẹ̀ka òkè ti dá, tí ìsàlẹ̀ sì ń jó.

"Ṣé wọn ò kúkú lè dá a padà?" mo bi í.

"Síbo, Bàbá?"

Ni mo bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ baba mi, irun, igi obì, ikọ́ àárọ̀. Ó gbọ́ ọ títí. Ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà mi, ó wo ọ̀nà ọ̀fun mi, ó ní èéfín ni, bóyá ẹnìkan ń sun nǹkan ládùúgbò. Mo rántí pé aládùúgbò wa ń sun pàǹtírí láàárọ̀ yẹn lóòótọ́. Ó wá wo inú fóònù rẹ̀, ó ní àwọn ife tí òun fi hàn mí nínú fídíò yẹn kò sí láyé mọ́. Wọ́n kì í pẹ́ kí wọ́n tó pa wọ́n, àwọn mìíràn ni wọ́n máa ń gbìn. Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Àjíǹde ni wọ́n ti pa àwọn yẹn tí wọ́n sì sun wọ́n, kí òun tó tilẹ̀ pè wá wá wòran.

Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Àjíǹde. Mo ronú. Ìdí igi kan ni mo wà lọ́nà Ìjàn lọ́jọ́ náà, igi tí ó ti lé àwọn méjì sá. Mo gé e, ó ṣubú síbi tí mo nàka sí gẹ́lẹ́, a sun iṣu, mo fi epo jẹ ẹ́, mo sì kọrin padà wálé. Wọ́n ti sun mí lókè òkun lọ́jọ́ náà, iṣu ni mo ń jẹ. Orí mi gba ọ̀rọ̀ náà. Àyà mi kò gbà á. Ẹ̀rù kì í ṣe ọmọ iléèwé tí a lè fi àlàyé lé jókòó.

Bí mo ṣe ń rò ó báyìí ni ilẹ̀kùn ṣí, Tíṣà wọlé. Ìyàwó mi ló pè é nílé ẹ̀kọ́ pé mo jáde láìjẹun, mo gba ọ̀nà ọsibítù. Ó sáré, èémí rẹ̀ ń já. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo bá wá, ó jókòó, ó ní kí dókítà sọ èyí tí wọ́n ti rí fún àwa méjèèjì pọ̀, nítorí àṣírí kò sí láàárín wa.

Dókítà ní bí fáírọ́ọ̀sì bá kan ilẹ̀kùn ọ̀fun Tíṣà, ọ̀fun náà yóò ṣílẹ̀kùn fún un bí ẹni gba àlejò, kí ó tó fura, àlejò ti kún ilé. Ṣùgbọ́n tèmi, bí ó bá ti rí àjèjì kan péré lẹ́nu ọ̀nà, igbe ni yóò fi ta, gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí yóò gbọ́, wọn yóò ti ilẹ̀kùn. Ojú ibi díẹ̀ ni yóò kú, ìyókù yóò là.

"Nítorí pé irin ni," mo wí, mo ti ń gbé ọwọ́ sí àyà.

"Rárá, Bàbá. Kò lágbára ju ti Màmá lọ. Ó kàn tètè máa ń bẹ̀rù ni."

Ọwọ́ mi dúró lófuurufú. "Ẹ ní ojo ni mí?"

"Mi ò pe ẹnikẹ́ni ní ojo, sà."

"Ojo ni yín, Bọ̀dá," ni Tíṣà wí. "Ẹ ti ṣojo dókè òkun." Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà kò sì dúró. Mo rí kòtò ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ tó wọnú lọ, bí mo ṣe rí i lójú fèrèsé ọjọ́ kìíní. Mo ti dìde kí dókítà tó dìde. Mo di èjìká rẹ̀ mú títí èémí fi padà sí i lára. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé n kò rántí ọ̀fun tèmi mọ́ rárá, yálà ti ibí tàbí ti ọ̀hún.

Dókítà fún un lómi. Ó sọ fún wa pé ohun tí àwọn ń wá ni oògùn tí yóò kọ́ irú ọ̀fun Tíṣà láti tètè figbe ta. Kò tíì sí, òun kò sì lè ṣèlérí ìgbà tí yóò dé. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan ni wá, tèmi ni wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ wò. Bí mo bá ní kí wọ́n da tèmi nù, tirẹ̀ nìkan kò ní fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan fún wọn.

Tíṣà nu ẹnu rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò tíì padà tán. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù, Bọ̀dá. Èmi ni tíṣà láyé níbí. Lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kí tiyín kọ́ tèmi."

"Ẹ fi í síbẹ̀," mo sọ fún dókítà. "Ẹ ní kí wọ́n máa da ohun tí wọ́n bá fẹ́ dà sí i."

"Ṣé ẹ̀rù kò bà yín mọ́, Bàbá?"

"Ó ń bà mí," mo ní. N kò tíì sọ ọ́ rí láyé mi níwájú obìnrin, n kò sì sọ ọ́ níwájú ọkùnrin. Ó jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, ọ̀run kò sì ya lulẹ̀.

Ìgbà yẹn ti kọjá. Mo ti padà sídìí igi, èmi ni wọ́n ṣì ń ránṣẹ́ pè. Bí ẹnìkan bá bi mí nísinsìnyí léèrè ọ̀fun mi tó wà lókè òkun, mo ṣì máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ni kí n fi pamọ́? Ṣùgbọ́n n kì í gbá àyà mọ́. Mo máa ń rántí òwe tí baba wa fẹ́ràn, tí mo máa ń fò dá nígbà èwe mi, pé ikú ogun ní í pa akínkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Mo ti gé igi pẹ̀lú àwọn tí kò mọ ẹ̀rù, mo sì ti bá wọn débi ìsìnkú wọn. N kò mọ̀ pé nǹkan kan wà lọ́rùn mi tó gbọ́n jù mí lọ. Irun mi ńkọ́? Mo ṣì ń kó o jọ. Onígbàjámọ̀ ṣì ń kí mi kú ìkórè. Dókítà ti la ọ̀rọ̀ náà yé mi, mo gbà fún un, màá sì kó irun mi.

Ọyẹ́ tún ti dé báyìí. Eruku ti bo òkè, ètè ń ya. Ní àárọ̀, nígbà tí mo bá jókòó níwájú ilé tí mo ń pọ́n ẹ̀rọ mi, màá gbọ́ tí Tíṣà bá wúkọ́ ní yàrá ẹ̀yìn. Kí ikọ́ náà tó parí, mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ayùn tí mo fi ń pọ́n ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ mi. Yóò máa wò mí láti orí ibùsùn rẹ̀.

"Bọ̀dá, ó ti tó. Ẹ lọ jókòó."

N kì í lọ. Mo máa ń dúró níbẹ̀, mo máa ń wo kòtò kékeré ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ títí yóò fi mí sínú, tí kòtò náà yóò sì dúró jẹ́ẹ́. Nígbà náà ni èmi náà tó máa ń mí.